Bí a ṣe ń gé awọ itan lẹ ojú egbò, tí yóò fi di ara

Rírán kọ́ ló ń mú kí awọ àlẹ̀mọ́ di ara. Ẹ lè rán an yípo kí ó dọ́gba rẹ́múrẹ́mú, ṣùgbọ́n bí ẹ̀jẹ̀ bá dì sábẹ́ rẹ̀, awọ dúdú tó ti kú lẹ ó bá lọ́jọ́ tí ẹ bá tú báńdéèjì. Ohun méjì péré ni gbogbo iṣẹ́ yìí dá lé: kí ohunkóhun má wà láàárín awọ àti ojú egbò, kí awọ náà má sì yẹ̀ níbi tí a fi í sí fún bí ọjọ́ márùn-ún. Bí a ṣe ń gé e, bí a ṣe ń rán an, bí a ṣe ń wé e, títí dé bí aláìsàn ṣe ń sùn, ohun méjì yìí náà la ń lé kiri.

Dókítà tó ń kọ́ṣẹ́ abẹ àti nọ́ọ̀sì tíátà tàbí ti wọ́ọ̀dù la ń bá sọ̀rọ̀. Ẹni tí kò tíì di ọ̀bẹ Humby, ọ̀bẹ tí a fi ń gé awọ fẹ́lẹ́, mú rí, kí ó kọ́kọ́ dúró ti ẹni tó mọ̀ ọ́n lò; a kì í ti inú ìwé kọ́ ọ lórí itan aláìsàn. Egbò ojúgun la fi ṣe àpẹẹrẹ, irú èyí tí ọ̀kadà wọ́ awọ rẹ̀ lọ tàbí tí iná kẹrosíìnì jó, tí a ti ń tọ́jú bọ̀ títí ẹran tuntun fi kún un.

Ẹ jẹ́ ká mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀ lábẹ́ báńdéèjì ná, torí ibẹ̀ ni ìdí gbogbo òfin tó kù wà. Awọ tí a ti gé kúrò lára kò ní ẹ̀jẹ̀ tó ń bọ́ ọ mọ́. Láàárín wákàtí 24 sí 48 àkọ́kọ́, omi ara tó ń sun lójú egbò ló ń fà mu. Láti bí ọjọ́ kejì sí ìkẹta, ẹnu òpójẹ̀ kéékèèké ojú egbò á bẹ̀rẹ̀ sí í bá ti inú awọ pàdé. Ní ọjọ́ kẹrin sí ìkeje, ẹ̀jẹ̀ á ti máa wọ ibẹ̀, á ti máa jáde. Kí ìyẹn tó ṣẹlẹ̀, fáíbrìn tí ara ń sun fúnra rẹ̀ ló di awọ mú bí àtè. Bí omi tàbí ẹ̀jẹ̀ dídì bá gbé awọ sókè, kò rí nǹkan kan fà mu. Bí ó bá yẹ̀ díẹ̀ ní ọjọ́ kẹta, àwọn òpójẹ̀ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń so pọ̀ á já.

Ojú egbò

Awọ kò lè di ara lórí eegun tó wà níhòòhò, lórí okùn iṣan tí awọ fẹ́lẹ́ ara rẹ̀ ti bó, tàbí lórí irin tí wọ́n fi to eegun. Kò sí ẹ̀jẹ̀ níbẹ̀ tí yóò bọ́ ọ. Bí awọ fẹ́lẹ́ tó bo eegun bá ṣì wà, ó lè gbà á. Bí kò bá sí, ẹran tàbí awọ tó ń gbé ẹ̀jẹ̀ tirẹ̀ lọ́wọ́ ni kí wọ́n yí bò ó, iṣẹ́ mìíràn sì nìyẹn.

Ojú egbò tó ti tó lẹ̀ máa ń pupa, ó máa ń tẹ́ rẹrẹ, kì í rùn, gọ́ọ̀sì tí a bá sì fà kúrò lórí rẹ̀ máa ń fi ẹ̀jẹ̀ tótòtó sílẹ̀. Ẹ wo etí rẹ̀ pẹ̀lú: bí awọ tuntun fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ bá ti ń rá wọlé láti etí, egbò náà ti ń wá bí yóò ṣe san. Èyí tí ẹran rẹ̀ wú yọ ju awọ àyíká lọ, tó funfun, tó ń dán fún omi, kò tíì tó. Ẹ̀yìn abẹ tàbí ṣíbí Volkmann la fi ń há ẹran bẹ́ẹ̀ kúrò ní tíátà títí a ó fi kan ìpele tó le lábẹ́, a ó wá fi gọ́ọ̀sì tẹ̀ ẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dá.

Ẹ fi swab, òwú tí a fi nu ojú egbò, ránṣẹ́ sí láàbù ṣáájú. Bí kòkòrò Streptococcus pyogenes bá wà níbẹ̀, ẹ má lẹ nǹkan kan, bó ti wù kí ojú egbò dára tó. Kòkòrò yìí ń yọ́ fáíbrìn, odindi awọ lè ṣí kúrò láàárín ọjọ́ méjì. Ẹ kọ́kọ́ fi oògùn pa á, kí ẹ tún yẹ̀ ẹ́ wò. Kòkòrò Pseudomonas ní tirẹ̀ máa ń fi àwọ̀ ewé sára gọ́ọ̀sì, òórùn rẹ̀ sì máa ń dùn díẹ̀. Gọ́ọ̀sì tí a fi acetic acid 1% rẹ, tí a ń pààrọ̀ fún ọjọ́ mélòó kan, máa ń lé e.

Egbò tó ti pẹ́ ọdún gbọọrọ, pàápàá lójú àpá iná, ẹ gé díẹ̀ nínú etí rẹ̀ lọ fún àyẹ̀wò kí ẹ tó ronú awọ lílẹ̀. Jẹjẹrẹ lè ti wọ ibẹ̀. Ẹ fọwọ́ kan ìlù ẹ̀jẹ̀ lẹ́yìn ẹsẹ̀, nítorí ẹsẹ̀ tí ẹ̀jẹ̀ kì í dé dáadáa kò ní bọ́ awọ àlẹ̀mọ́. Ẹni tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ kéré, tí ìtọ̀ ṣúgà rẹ̀ ń lọ sókè sódò, tàbí tí kì í jẹun kánú, ẹ fún un ní ọ̀sẹ̀ kan sí méjì: ẹyin, ẹja, ẹ̀wà, oògùn ṣúgà tó dúró sójú kan. Sìgá ńkọ́? Kí ó sọ ọ́ nù pátápátá, torí ó ń fún òpójẹ̀ kéékèèké pọ̀.

Gígé awọ

Ẹ fi gọ́ọ̀sì tàbí bébà tó mọ́ wọn ìwọ̀n egbò, kí ẹ fi kún un díẹ̀. Iwájú àti ẹ̀gbẹ́ itan lókè ló dára jù, nítorí ó gbòòrò, aṣọ sì máa bò ó. Itan ẹsẹ̀ kan náà tí egbò wà ni kí ẹ lò. Abẹ́rẹ́ ẹ̀yìn kan tó ń mú ẹsẹ̀ kú tipiri á tó fún ojú méjèèjì, aláìsàn á sì ṣì ní ẹsẹ̀ kan tó dá ṣáká. Fún egbò kékeré, lignocaine (oògùn tó ń mú ojú ibi kan kú tipiri) tó ní adrenaline (tó ń fún òpójẹ̀ pọ̀) tó bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n kí ó má kọjá 7 mg fún kílò kan: ẹni 60 kg kò gbọdọ̀ gbà ju 42 ml ti 1% lọ.

Ẹ fá irun, kí ẹ fi povidone-iodine tàbí chlorhexidine nù ún, kí ẹ wá fi saline (omi oníyọ̀) fọ̀ ọ́ kúrò. Àyídínì tó gbẹ sára awọ máa ń mú ọ̀bẹ há. Lẹ́yìn náà, ẹ fi liquid paraffin pa itan, ọ̀bẹ, àti pátákó méjì tí ẹ ó fi tẹ awọ.

Ọ̀bẹ Humby ní ọ̀pá tó ń yí, tó ń pinnu bí awọ yóò ṣe nípọn tó. Ìwọ̀n tí a ń fẹ́ jẹ́ 0.25 sí 0.3 mm, fún ọmọdé àti arúgbó, kí ó fẹ́lẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ gbé ọ̀bẹ sókè síbi ìmọ́lẹ̀, kí ẹ wo àlàfo tó wà láàárín ọ̀pá àti etí ọ̀bẹ láti ìpẹ̀kun kan dé èkejì. Bí ìpẹ̀kun kan bá fẹ̀ ju èkejì lọ, awọ á nípọn lápá kan, á ya lápá kejì. Ẹ fi etí abẹ nọ́ńbà 15 dán an wò: bí ẹnu tó mú yẹn bá yọ́ wọlé, ó tó. Bí ara abẹ bá wọlé láìfarakan rárá, ó ti fẹ̀ jù. Nọ́ńbà tí wọ́n kọ sára ọ̀bẹ kì í fìgbà gbogbo sọ òtítọ́, ojú yín ni kí ẹ gbàgbọ́.

Olùrànlọ́wọ́ ló ń ṣe ìdajì iṣẹ́ yìí. Kí ó ti ọwọ́ sábẹ́ itan, kí ó fà á kí òkè rẹ̀ tẹ́ pẹrẹsẹ. Pátákó kan á na awọ níbi tí a ti bẹ̀rẹ̀, pátákó kejì á wà níwájú ọ̀bẹ, ẹ ó sì máa sún un sẹ́yìn bí ọ̀bẹ ṣe ń bọ̀. Ẹ fi ọ̀bẹ lélẹ̀ kí ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tẹ́ lórí awọ. Kí ọwọ́ máa lọ sọ́tùn-ún sósì kíákíá, kí ó gùn, ṣùgbọ́n kí ó máa yọ́ lọ síwájú díẹ̀díẹ̀. Ọwọ́ tó ń tì síwájú ju bó ṣe ń gé lọ ló ń ri ọ̀bẹ sínú ẹran.

Bí ẹ ṣe ń gé, ẹ máa wo ojú ibi tó ń ṣí sílẹ̀. Bí ẹ̀jẹ̀ bá yọ tótòtó kéékèèké, tó sún mọ́ra, awọ náà fẹ́lẹ́ dáadáa. Bí tótó ẹ̀jẹ̀ bá tóbi, tó jìnnà síra, ó ti nípọn. Bí ọ̀rá aláwọ̀ òféèfé bá yọjú, ẹ dúró. Ẹ dá awọ náà padà sójú rẹ̀, kí ẹ rán an mọ́bẹ̀, kí ẹ dín àlàfo ọ̀bẹ kù, kí ẹ sì bẹ̀rẹ̀ níbòmíràn. Ẹni tó bá ní kò ṣe nǹkan, kí òun ṣáà gé e lọ, egbò kejì ló ń dá sílẹ̀ tí òun náà á tún wá awọ lẹ̀.

Ojú itan yóò máa sun ẹ̀jẹ̀. Ẹ da adrenaline 1 mg sínú saline 500 ml, kí ẹ fi rẹ gọ́ọ̀sì, kí ẹ tẹ̀ ẹ́ mọ́bẹ̀ fún ìṣẹ́jú 5 sí 10. Lẹ́yìn náà, gọ́ọ̀sì oníparaffin tàbí alginate, gọ́ọ̀sì tó nípọn, cotton wool, àti kíréépù báńdéèjì. Ẹ fi í sílẹ̀ fún ọjọ́ 10 sí 14. A ò lè sọ èyí tó: ẹ má máa tú ojú itan lójoojúmọ́. Bí òde rẹ̀ bá rin, òde nìkan ni kí ẹ pààrọ̀. Gọ́ọ̀sì ìsàlẹ̀ á já fúnra rẹ̀ nígbà tí awọ bá hù tán. Ẹni tó bá fà á tu ní ọjọ́ kẹta, awọ tuntun ló bó, ìrora aláìsàn ní itan á sì ju ti egbò gan-an lọ.

Ìmúra awọ

Ẹ tẹ́ awọ sórí gọ́ọ̀sì oníparaffin, kí inú rẹ̀ kọjú sókè. Inú ni ojú tó ń dán, tó funfun. Òde ló ní àwọ̀ ara, etí awọ sì máa ń ká sí apá inú. Lára aláwọ̀ dúdú, ìyàtọ̀ yìí hàn gbangba, síbẹ̀ ẹ wò ó lẹ́ẹ̀mejì, nítorí awọ tí a lẹ̀ ní òdìkejì kò ní yè rárá. Ẹ fi gọ́ọ̀sì tó rin fún saline bò ó. Iná tíátà lè gbẹ ẹ́ kí ẹ tó rántí.

A ó wá dá ojú sí i lára kí omi lè rí ibi jáde. Bí mesher, ẹ̀rọ tó ń dá ojú sí awọ kí ó lè fẹ̀, bá wà, 1:1.5 (kí awọ fẹ̀ ní ìlọ́po kan àbọ̀) tó fún ọ̀pọ̀ egbò ojúgun. 1:3 wà fún ẹni tí iná jó tó pọ̀ tí itan tó kù kò tó nǹkan. Ojú ńlá máa ń pẹ́ kí ó dí, àpá rẹ̀ a sì máa rí bí àwọ̀n títí ayé. Níbi tí kò sí ẹ̀rọ, ẹ tẹ́ awọ sórí pátákó, kí ẹ fi ẹnu abẹ nọ́ńbà 11 dá ojú tó gùn tó 5 mm sí 1 cm, kí ìlà kan má bá èkejì ṣe déédéé. Lójú tiwa, ìyẹn ló yẹ egbò tí kò ju àtẹ́lẹwọ́ méjì lọ, kódà bí mesher bá wà nílé. Ojú àti ọwọ́ ni kí ẹ má dá ojú ńlá sí. Awọ tí a kò sọ di àwọ̀n ni kí ẹ lẹ̀ síbẹ̀.

Awọ tó bá ṣẹ́kù, ẹ ká a, inú sí inú, nínú gọ́ọ̀sì tó rin fún saline, kí ẹ fi í sínú ìkòkò tí kò ní kòkòrò, kí ẹ kọ orúkọ aláìsàn àti ọjọ́ sí i, kí ẹ tọ́jú rẹ̀ sínú fíríìjì ní 4°C. Ó lè wúlò títí di ọ̀sẹ̀ méjì. Fírísà yóò pa á.

Rírán an mọ́ ojú egbò

Ẹ̀jẹ̀ ló kọ́kọ́ gbọ́dọ̀ dá. Ẹ tẹ gọ́ọ̀sì oní-adrenaline mọ́ ojú egbò fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá gbáko, láì máa ṣí i wò. Èyí tó bá ṣì ń tú, ẹ fi dáyátẹ́mì, ẹ̀rọ iná tó ń jó ẹnu òpójẹ̀ pa, kan ojú rẹ̀ gan-an; ẹ má jó gbogbo ojú egbò, torí ẹran tó bá jóná kò lè bọ́ awọ. Bí ẹ̀jẹ̀ bá kọ̀ tí kò dá, ẹ wé egbò, kí ẹ tọ́jú awọ sí fíríìjì, kí ẹ padà wá lẹ̀ ẹ́ lọ́jọ́ kejì. Kò sí ìtìjú kankan nínú ìyẹn.

Ẹ tẹ́ awọ láti àárín lọ sí etí. Kí ó wọ inú gbogbo kòtò. Awọ tí a fà gbọọrọ kọjá lórí kòtò ti kú ná, nítorí kò fara kan ìsàlẹ̀. Kí ó má sì ṣẹ́po. Etí rẹ̀ lè gun awọ àyíká ní 2 sí 3 mm, èyí tó yọ á gbẹ, a ó gé e nù tó bá yá. Bí ẹ bá fi awọ méjì pàdé lórí oríkèé, kí ojú ìpàdé wọn dábùú ẹsẹ̀. Èyí tó bá gùn wálẹ̀ lọ́ọ̀ọ́ọ́ á fún, á sì fa oríkèé pọ̀.

Òwú 4-0 tàbí 5-0 la ń lò. Fún ọmọdé, èyí tó ń yọ́ fúnra rẹ̀ ló sàn, kí ẹkún yíyọ òwú má bàa wáyé. Ẹnu abẹ́rẹ́ gbọ́dọ̀ gba inú awọ àlẹ̀mọ́ kọ́kọ́, 2 sí 3 mm láti etí rẹ̀, kí ó tó jáde lára awọ tó wà nílẹ̀. Bí ẹ bá bẹ̀rẹ̀ láti awọ tó wà nílẹ̀, abẹ́rẹ́ á máa ti awọ àlẹ̀mọ́ sókè, á sì ṣí i kúrò lójú egbò. Ẹ kọ́kọ́ rán igun mẹ́rin, kí ẹ wá fi ìyókù sáàárín, ní bíi sẹ̀ǹtímítà kan síra. Ẹ má dì í le: ìdè tó bá fún ń gé awọ fẹ́lẹ́ yìí já ni. Fún egbò ńlá, pín-ìnnì irin tí a ń fi stapler tẹ̀ yá ju òwú lọ, ṣùgbọ́n ẹ kà á bí ẹ ṣe ń tẹ̀ ẹ́, kí ẹ tún kà á nígbà tí ẹ bá ń yọ ọ́, torí ọ̀kan máa ń fara pamọ́ sábẹ́ èépá.

Tí rírán bá parí, ẹ ti ẹnu sírínjì tí kò ní abẹ́rẹ́ sábẹ́ etí awọ, kí ẹ fi saline fọ abẹ́ rẹ̀ títí omi tó ń jáde yóò fi mọ́ gaara. Ẹ wá fi gọ́ọ̀sì tútù yí gbogbo omi jáde láti àárín. Ìṣẹ́jú méjì tí èyí ń gbà ti gba ọ̀pọ̀ awọ là.

Níbi tó ní kòtò, tàbí tí báńdéèjì kò lè dúró, ìdè orí, òwú tí a so pọ̀ lórí òkìtì cotton wool, ló kàn. Ẹ fi òwú sílíìkì 3-0 rán ojú bíi mẹ́jọ yí egbò ká, kí ẹ fi ìrù kọ̀ọ̀kan sílẹ̀ ní bíi 15 cm. Ẹ tẹ́ gọ́ọ̀sì oníparaffin sórí awọ, kí ẹ to cotton wool tí ẹ ti fi saline rẹ tí ẹ sì fún gbẹ sórí rẹ̀. Ẹ fi kéékèèké kún kòtò ná, kí ó tó di òkìtì. Ìrù tó kọjú síra ni kí ẹ so pọ̀, kí olùrànlọ́wọ́ di kókó àkọ́kọ́ mú kí ó má tú. Kí ó tẹ awọ mọ́lẹ̀, ṣùgbọ́n bí awọ àyíká bá ń funfun, ó ti le jù. Níbi tí ẹ̀rọ tó ń fa afẹ́fẹ́ bá wà, 75 sí 125 mmHg fún ọjọ́ márùn-ún ń ṣe iṣẹ́ kan náà, ó sì tún ń fa omi kúrò.

Lórí ojúgun tó tẹ́, gọ́ọ̀sì, cotton wool àti kíréépù láti ìdí ọmọ ìka ẹsẹ̀ títí kọjá egbò ti tó. Bí egbò bá sún mọ́ ọrùn ẹsẹ̀ tàbí orúnkún, ẹ fi POP (símẹ́ńtì funfun tí a fi ń de eegun) sí ẹ̀yìn ẹsẹ̀ kí oríkèé má rìn. Ẹ jẹ́ kí orí ọmọ ìka yọ síta, kí nọ́ọ̀sì lè máa wò bóyá ó gbóná, bóyá ó ń wú.

Awọ tó nípọn tán

Fún ọwọ́, ìpéǹpéjú àti ojú, awọ fẹ́lẹ́ kò dára. Ó máa ń sún kì lẹ́yìn oṣù mélòó kan. Odindi awọ, láti òde dé ibi tí ọ̀rá ti bẹ̀rẹ̀, la ń lò níbẹ̀. Ẹ̀yìn etí tàbí òkè eegun ọrùn la ti ń gé e fún ojú, ibi tí itan ti pàdé ikùn fún ọwọ́. Níbi itan yìí, ẹ gé e sí apá òde, kúrò níbi tí irun máa ń hù, pàápàá fún ọmọdé tí irun rẹ̀ kò tíì yọ: àtẹ́lẹwọ́ tó ń hu irun lọ́mọ ọdún mẹ́rìnlá kì í ṣe ohun ẹ̀rín.

Ẹ fi abẹ ya àwòrán egbò gan-an síbẹ̀, kí ẹ gé e, kí ẹ sì rán ojú ibi tí ẹ ti gé e pa tààrà. Awọ tí ẹ gé á sún kì lọ́wọ́ yín, ẹ má fòyà, ó ń nà padà. Ẹ wá fi í bo orí ọmọ ìka ìfábẹ̀lá yín, inú sókè, kí ẹ fi àlùmọ́gàjí tó tẹ̀ kọrọdọ gé ọ̀rá kúrò lórí rẹ̀ díẹ̀díẹ̀ títí kò fi sí àwọ̀ òféèfé mọ́, tí ojú rẹ̀ á funfun, tí á sì ṣe kókókó wínníwínní. John Reissberg Wolfe, oníṣẹ́ abẹ ojú ní Glasgow, ti tẹnu mọ́ ọn ní 1875 pé ọ̀rá gbọ́dọ̀ kúrò tán, òótọ́ ló sì sọ: ọ̀rá kì í jẹ́ kí omi ara dé inú awọ. Ìdè orí ni kí ẹ fi dè é, kí ẹ má sì tú u kí ó tó pé ọjọ́ 7 sí 10.

Títú u, àti ohun tí ẹ ó rí

Awọ fẹ́lẹ́: ọjọ́ karùn-ún. Ẹ má dúró dìgbà náà bí òórùn bá ń yọ, bí ibà bá dé, tàbí bí aláìsàn bá ní ó ń dùn òun ju tàná lọ. Ẹ fi saline rẹ gọ́ọ̀sì dáadáa kí ó tó kúrò, kí ẹ máa ká a padà sẹ́yìn lórí ara rẹ̀, kí ẹnìkan sì fi fọ́sẹ́ẹ̀pù tẹ etí awọ mọ́lẹ̀. Gọ́ọ̀sì tí a fà sókè á gbé awọ dání.

Lára aláwọ̀ dúdú, ẹ má wá àwọ̀ pupa rẹ́súrẹ́sú nìkan. Ẹ fi gọ́ọ̀sì tútù tì í jẹ́ẹ́jẹ́: awọ tó ti ń di ara kì í yẹ̀. Bí èyí tó wà lókè bá bó bí eérú, tí abẹ́ rẹ̀ sì pupa rín-ín-rín, ó wà láàyè. Awọ tó nípọn máa ń funfun, á ṣe bí aró fún ọjọ́ mélòó kan, kí ó tó pọ́n. Ẹ má yára gé e nù. Èyí tó dúdú, tó le, tàbí tó ń yọ̀ kiri lórí ọyún, ìyẹn ti lọ.

Bí ẹ bá rí ẹ̀jẹ̀ tàbí omi lábẹ́ rẹ̀ ní ọjọ́ àkọ́kọ́ tàbí ìkejì, ẹ fi abẹ la ojú kékeré sí orí rẹ̀ gan-an, kí ẹ yí i jáde níbẹ̀. Ẹ má fi ọwọ́ tì í gba abẹ́ awọ dé etí, ẹ ó ṣí èyí tó ti lẹ̀ mọ́lẹ̀ ni.

Ẹsẹ̀ á wà lókè irọ̀rí fún ọjọ́ 5 sí 7. Nígbà tí aláìsàn bá máa bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ẹsẹ̀ kalẹ̀, ẹ kọ́kọ́ wé kíréépù mọ́ ọn, kí ó sọ ọ́ kalẹ̀ fún ìṣẹ́jú márùn-ún lẹ́ẹ̀mẹ́ta lójúmọ́, kí ẹ máa fi kún un bí awọ kò bá ṣe bí aró. Awọ tuntun kò ní òróró tirẹ̀. Òrí tàbí Vaseline ni kí ó máa fi pa á lẹ́ẹ̀mejì lójúmọ́, kí ó máa rọra fi ọwọ́ rà á, kí ó sì fi aṣọ bò ó nínú oòrùn fún oṣù mẹ́fà ó kéré tán. Kì í mọ ooru dáadáa níbẹ̀, nítorí náà ẹ kìlọ̀ fún un nípa omi gbígbóná àti páìpù èéfín ọ̀kadà.